ÀLÙFÁÀ TÍ Ó ṢÍRÒ ÌBẸ̀RẸ̀ AYÉ



Ọ̀pọ̀ òbí nínú ìjọ ni ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọmọ wọn tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga dé: pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti mọ bí ayé ti ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí a tún ń fi Ọlọ́run ṣe. Òbí mìíràn a figbe bọnu, òmíràn a sọ ìwé kíkà di èèwọ̀. Àwọn méjèèjì ṣì í ṣe. Àlùfáà Ìjọ Kátólíìkì ni ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà fi ń yangàn kalẹ̀.

Georges Lemaître ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ó gba oyè àlùfáà ní 1923, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Louvain. Ní 1927 ó fi ìṣirò hàn pé àgbáálá ayé ń gbòòrò sí i, pé bí àwọn àkójọ ìràwọ̀ ti jìnnà sí wa tó ni wọ́n ń yára lọ tó. Einstein pàápàá kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ní 1931 Lemaître tẹ̀ síwájú, ó ní bí a bá ro ìrìn náà padà sẹ́yìn, a ó dé ìgbà tí ohun gbogbo wà ní kíkójọ sínú átọ́mù kan ṣoṣo. Àwọn kan fura pé ìwé Jẹ́nẹ́sísì ni fadá yìí fẹ́ fi ìṣirò gbè.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Póòpù Pius Kejìlá, ní oṣù kọkànlá ọdún 1951, sọ fún ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pé irú ìmọ̀ yìí ń jẹ́rìí sí Ẹlẹ́dàá, inú Lemaître kò dùn sí i. Ó dúró lórí rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ òun kò kan ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Onígbàgbọ́ lè gbà á, aláìgbàgbọ́ náà lè gbà á.

Ọgbọ́n ńlá ni. Bí a bá fi ìgbàgbọ́ wa ti ara ìṣirò, ọjọ́ tí a bá tún ìṣirò náà ṣe ńkọ́? Àti pé Ọlọ́run kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ohun tí a dá, tí awò awọ̀nàjíjìn yóò fi rí i láàárín ìràwọ̀. Ẹni tí ó bá tú aṣọ òfì, tí ó ka gbogbo òwú rẹ̀ ní fọ́nrán-fọ́nrán, kò ní í bá ahunṣọ láàárín òwú. Kò sì lè torí bẹ́ẹ̀ sọ pé aṣọ náà hun ara rẹ̀. Láti ọ̀rúndún kẹtàlá ni Tọ́másì Mímọ́ ti Akúínò ti kọ́ wa pé ìgbàgbọ́ ni ó sọ fún wa pé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀, làákàyè nìkan kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Síbẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò ṣì nílò Ẹni tí ó ń mú un wà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Ní 1965, Penzias àti Wilson ní Amẹ́ríkà kéde ìtànṣán tí ó ṣẹ́kù láti ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ náà. Lemaître gbọ́ ìròyìn yìí kí ó tó kú ní oṣù kẹfà ọdún 1966. Ní 2018 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé dìbò láti fi orúkọ rẹ̀ kún òfin gbígbòòrò náà.

Bí ọmọ yín bá tún gbé ọ̀rọ̀ náà dé lẹ́yìn Mísà òní, ẹ jẹ́ kí ó sọ tirẹ̀ tán, kí ẹ sì bi í bí ó bá mọ irú iṣẹ́ tí Lemaître ń ṣe lórí pẹpẹ.