Ajá Ńlá Nínú Ọgbà Yín: Ẹ̀kọ́ fún Ìyá àti Ará Ilé



Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìkòtún lọ sí Ìgàndò lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, tàbí bí ẹ bá wọ àwọn òpópónà inú Ẹ̀gbẹ́dá tí a ti ti géètì wọn pa, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni gbígbó ajá. Ìbẹ̀rù olè ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé máa sin ajá. Kì í sì í ṣe ajá kékeré ìbílẹ̀ tí a ń pè ní Bíńgò nìkan ni wọ́n ń sìn mọ́. Ajá tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Alsatian, Rottweiler tàbí Boerboel, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ajá ìbílẹ̀, ti wọ inú ọgbà púpọ̀, nítorí pé kò wọ́n tó ajá òyìnbó pọ́ńbélé. Nígbà tí ó bá jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, gbogbo ọmọ ilé ni yóò fẹ́ gbé e mọ́ra. Kí ọdún tó yípo, ó ti wúwo ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ.

A kò wí pé kí ẹ má sin ajá. Ṣùgbọ́n ajá tí a sìn nítorí olè, kì í sábà rí olè bù jẹ. Níbi gbogbo lágbàáyé, ọmọdé ni ajá ń bù jẹ jù, ajá tí ọmọ náà sì mọ̀ dáadáa ni ó sábà máa ń jẹ́: ajá ilé wọn, tàbí ti aládùúgbò.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ojú ọmọ ọdún mẹ́ta àti ẹnu ajá ńlá ṣe déédéé ara wọn. Ọmọdé a máa sáré, a máa pariwo, a sì máa na ọwọ́ sí ajá tí ó ń jẹun tàbí tí ó ń sùn. Àwọn kan sì gbàgbọ́ pé bí a bá ń febi pa ajá, tí a ń fi ata sí oúnjẹ rẹ̀, tí a so ó mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ni yóò fi rorò sí olè. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Ajá tí a fi ìyà jẹ kò mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kàn án ni yóò bù jẹ. Ajá tí ó mọ ará ilé rẹ̀, tí ó jẹun yó, tí ó sì ní omi àti ibòji nínú ooru Èkó, ni ó ń gbó nígbà tí ó yẹ kí ó gbó.

Nínú ilé tí ìdílé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá jọ ń lo ọgbà kan, àkókò tí ó léwu jù, lójú tèmi, kì í ṣe ọ̀gànjọ́ òru. Ìdájí ni. Onílé ti tú ajá sílẹ̀ lálẹ́. Kí ó tó jí láti tì í mọ́lé, àwọn ọmọ tí ń múra ilé ẹ̀kọ́ ti gbé garawa jáde láti pọnmi. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé fẹnu kò sí ẹnì kan, àgbàlagbà ni o, tí yóò máa ti ajá mọ́ inú ilé rẹ̀ kí aago márùn-ún tó lù. Ọmọ ọ̀dọ̀ kọ́ ni kí ẹ gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ má ṣe tijú láti bi bàbá onílé pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ajá wa ti gba abẹ́rẹ́ ọdún yìí?” (Bí ẹ bá pè é ní “ajá wa”, ọ̀rọ̀ náà yóò rọ̀ jù.) Kò sì sí ajá, bí ó ti wù kí ó tutù tó, tí a lè fi ọmọ ìkókó tàbí ọmọ kékeré nìkan sílẹ̀ tì, àní fún ìṣẹ́jú kan.

Ìgbẹ́ ajá nínú ọgbà kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹyin aràn máa ń wà nínú rẹ̀, irú aràn kan sì wà tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tí kò wọ bàtà wọ inú ara. Ẹ máa fún ajá ní oògùn aràn bí dókítà ẹran bá ti wí.

ÀRÙN DÌGBÒLUGI

Ohun tí ó mú kí a kọ ẹ̀kọ́ yìí gan-an nìyí. Kòkòrò àìfojúrí kan ni ó ń fa dìgbòlugi. Inú itọ́ ajá ni ó wà. Ojú ọgbẹ́ ni ó ń gbà wọlé, yóò sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọpọlọ. Ìrìn yìí sábà máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta, ó sì lè kéré tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹni náà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù omi, tí kò lè gbé itọ́ mì, kò sí oògùn òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀ tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dọọdún, ní Áfíríkà àti Éṣíà jù lọ, àti pé nínú 100 ènìyàn tí ó mú, ó tó 99 tí ó jẹ́ pé ajá ni ó kó o ràn wọ́n.

Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà tí ajá bù ènìyàn jẹ àti ìgbà tí àrùn náà dé ọpọlọ, àyè wà láti dá a dúró. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀, Joseph Meister, ọmọ ọdún 9, tọ Louis Pasteur lọ ní ìlú Paris, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ajá dìgbòlugi bù ú jẹ. Abẹ́rẹ́ mẹ́tàlá ni ọmọ náà gbà, ó sì yè. Abẹ́rẹ́ ti òde òní kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́: mẹ́rin tàbí márùn-ún ni, tí a pín sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ má rò pé ajá tí ìfófò ń yọ lẹ́nu rẹ̀, tí ó ń sáré kiri, nìkan ni ó ní dìgbòlugi. Bí ajá yín tí ó rorò bá ṣàdédé di jẹ́jẹ́, tàbí bí èyí tí ó tutù bá ń bu igi àti irin jẹ. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà. Bí àgbọ̀n rẹ̀ bá wó sílẹ̀, tí itọ́ ń ṣàn, tí kò lè gbé oúnjẹ mì, ẹ fura. Àwọn onílé a máa rò pé egungun ni ó há a lọ́fun, wọ́n a sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá tí kò dáhùn sí orúkọ rẹ̀ mọ́, ẹ tì í mọ́ ibì kan láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹran.

Ọmọ ajá yóò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́ta, a ó sì máa tún un gún lọ́dọọdún. Pé ajá yín kì í jáde kò yọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ajá ìta lè bù ú jẹ lábẹ́ géètì. Ẹ fi káàdì rẹ̀ sínú àpò kan náà tí káàdì àjẹsára ọmọ yín wà, kí ó má baà sọnù.

BÍ AJÁ BÁ BU ÈNÌYÀN JẸ

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ gbé ọmọ lọ sídìí omi. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ìṣẹ́jú 15 gùn ju bí ẹ ti rò lọ, nítorí náà ẹ wo aago. Ẹ má fi epo pupa, ata tàbí kẹrosíìnì sí i. Ẹ má sun irun ajá náà lé e, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọmọ ní ẹ̀dọ̀ ajá jẹ. Àṣà wọ̀nyí kò dí ọ̀nà fún àrùn, wọ́n kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Ẹ má jẹ́ kí oníkẹ́míìsì rán ojú ọgbẹ́ náà.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, irú èyí tí ó wà ní Ìgàndò, ìbáà ṣe ajá yín fúnra yín ni ó ṣe é, ìbáà sì jẹ́ pé èékánná rẹ̀ nìkan ni ó ha ọmọ. Bí wọn kò bá ní abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ní in kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Aláboyún àti ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú lè gbà á láìsí ewu. Ẹ má fi èyí tí ó kù sílẹ̀ nítorí pé ọgbẹ́ ti jinná.

Ẹ má pa ajá náà. Ẹ tì í mọ́lé, kí dókítà ẹran sì máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bí ó bá wà láàyè tí ara rẹ̀ sì le lẹ́yìn ọjọ́ 10, a jẹ́ pé àrùn kò sí nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bu ọmọ jẹ, dókítà sì lè dá abẹ́rẹ́ dúró. Bí ó bá kú, ẹ má kùn ún, ẹ má jẹ ẹran rẹ̀. Dókítà ẹran ni yóò mọ bí a ó ti gbé orí rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, ẹ̀yin ìyá. Ọmọ tí a ti kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ súnmọ́ ajá a máa fi ọgbẹ́ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ nítorí ẹgba. Ẹ pè wọ́n jọ lálẹ́ òní, ẹ sọ fún wọn pé ẹni tí ajá bá bù jẹ tàbí tí ó bá ha lára, tí ó sì wá sọ, a kò ní nà án.