Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ OJÚ ỌJỌ́: ÀRÁ ÀTI MÀNÀMÁNÁ NÍ ÈDÈ GẸ̀Ẹ́SÌ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Jọ́ọ̀sì, Bukuru, Vom àti Barkin Ladi, ilẹ̀ òkè ni ẹ ń dáko lé, ó sì ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 1,200. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ọ̀pọ̀ òjò ibẹ̀ ni ó ń bá àrá rìn, nígbà mìíràn yìnyín a sì bá a já lu ewé pòtétò. NiMet, ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2003 fún ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ń kéde bí ọjọ́ yóò ti rí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà fi ń kọ ìkéde náà. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá rú wa lójú, a lè wà lóko ní wákàtí tí ó yẹ kí a ti wọlé.

Ní èdè wa, àrá ni ó ń sán, àrá náà ni a sì ń sọ pé ó pa ènìyàn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì pín iṣẹ́ yìí sí méjì. "Lightning" ni mànàmáná, iná tí ń kọ yẹ̀rì nínú òjò tí ó ṣú. Ooru rẹ̀ a mú kí afẹ́fẹ́ fẹ̀ lójijì, ìró fífẹ̀ yìí ni "thunder". Nítorí náà, "lightning" ni ó ń pa ènìyàn àti màlúù. "Thunder" kò ju ohùn rẹ̀ lọ. Bí àrá bá pa ẹran yín, ẹ má ṣe kọ "Thunder killed my cow." Ẹ kọ "Lightning killed my cow."

Ẹ kíyè sí i pé kò sí lẹ́tà e láàárín t àti n nínú "lightning". Bí ẹ bá fi í sí i, ó di ọ̀rọ̀ mìíràn, èyí tí ó lè túmọ̀ sí mímú ẹrù fúyẹ́. A kì í sọ pé "a lightning". "A flash of lightning" ni a ń wí.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìkéde nìwọ̀nyí:

"Thunderstorm": òjò tí ó ní àrá àti mànàmáná nínú.
"Isolated thunderstorms": irú òjò bẹ́ẹ̀ yóò rọ̀ ní ibi díẹ̀ tí ó jìnnà sí ara wọn.
"Scattered thunderstorms": yóò rọ̀ ní ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo.
"Squall": ìjì líle tí ó dé lójijì.
"Hail": yìnyín tí ń já bọ́ láti ojú ọ̀run.
"Drizzle": òjò wínníwínní.

Ẹ má ṣe rò pé "isolated" túmọ̀ sí òjò kékeré. Iye ibi tí òjò yóò dé ni ó ń sọ, kì í ṣe agbára rẹ̀.

Ojú ń rí mànàmáná kí etí tó gbọ́ àrá. Bí ó bá ti kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá. Mẹ́ta-mẹ́ta dúró fún kìlómítà kan. Bí àrá bá sán kí ẹ tó ka 30, ẹ wọ inú ilé tàbí ọkọ̀ tí ó ní òrùlé irin. Ẹ má ṣe sá sí abẹ́ igi, ẹ má sì dúró ti ọgbà oníwáyà. Ẹ má ṣe padà sóko títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn.

Láyé àtijọ́, a kì í fọwọ́ kan ẹni tí àrá bá pa títí àwọn oníṢàngó yóò fi dé. Ẹ mọ̀ dájú pé mànàmáná kì í dúró sára ẹni tí ó bá kọlù. Ó lè jẹ́ pé èémí rẹ̀ ni ó dá, tí kò tíì kú. Bí kò bá mí, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe máa tẹ àyà rẹ̀ léraléra, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

ÌDÁNRAWÒ
1. Ẹ túmọ̀ èyí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì: "Mànàmáná kọlu igi náà."
2. Rédíò wí pé: "Isolated thunderstorms over Jos this afternoon." Ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹ kó màlúù sábẹ́ igi?

ÌDÁHÙN
1. "Lightning struck the tree."
2. Rárá o.