Ohun tí Ojú Kò Rí nínú Àgbọ̀n: Ẹ̀kọ́ lórí Àwòrán Eyín àti Egungun Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Gbogbo àgbẹ̀ tí ó ń gbin kòkó ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Èmùré ni ó mọ iṣẹ́ ẹni tí ń yẹ kòkó wò. Bí a bá gbé àpò kòkó dé iwájú rẹ̀, kì í gbà á nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ dára lójú. Yóò mú ọ̀bẹ, yóò la kóró kòkó sí méjì, yóò sì wo inú rẹ̀ bóyá ó ti bu, tàbí bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́. Àwọn àgbà ti sọ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni eyín àti àgbọ̀n ènìyàn rí. Eyín lè funfun lójú, kí gbòǹgbò rẹ̀ sì ti kún fún ọyún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè wú díẹ̀, kí egungun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ti di ihò-ihò bí afárá oyin. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọ̀bẹ la àgbọ̀n ẹni tí ó wà láàyè kí ó lè wo inú rẹ̀? Nítorí èyí ni ó ṣe jẹ́ ohun ọpẹ́ pé ọgbọ́n kan wà tí ń fi inú egungun hàn láìla á, èyí ni àwòrán X-ray.

1. BÍ A ṢE RÍ ÌTÀNṢÁN NÁÀ

Ní oṣù November ọdún 1895, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wilhelm Röntgen ń fi iná mànàmáná ṣe ìdánwò nínú yàrá òkùnkùn ní ìlú Würzburg, ní ilẹ̀ Jámánì. Ó ṣàkíyèsí pé ìtànṣán kan tí ojú kò lè rí ń jáde láti inú ìgò tí ó ń lò, ó sì ń gba inú ìwé líle àti ẹran ara kọjá. Nítorí tí kò mọ irú ohun tí ó jẹ́, ó pè é ní X, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣirò ti ń pe ohun tí wọn kò tíì mọ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ya àwòrán egungun ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú òrùka tí ó wà ní ìka rẹ̀.

Ní January 1896, Otto Walkhoff, oníṣègùn eyín ní ilẹ̀ Jámánì kan náà, fi ẹnu ara rẹ̀ dán an wò. Ìṣẹ́jú 25 ni ó fi wà láìmira kí àwòrán eyín rẹ̀ tó lè jáde. Lóde òní, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ lo ìtànṣán náà kò mọ̀ pé ó léwu. Edmund Kells, oníṣègùn eyín ní New Orleans ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, na ọwọ́ ara rẹ̀ sí iwájú ẹ̀rọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Jẹjẹrẹ mú un ní ọwọ́. A gé àwọn ìka rẹ̀, lẹ́yìn náà a gé ọwọ́ náà, kí ó tó kú ní 1928. Láti inú ìyà irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ́ ìṣọ́ra. Ìtànṣán tí ó wà nínú àwòrán eyín kékeré kan lóde òní kò ju èyí tí ara ń gbà láti inú ilẹ̀ àti òfuurufú ní nǹkan bí ọjọ́ kan lọ. Síbẹ̀ kò yẹ kí a ya á láìnídìí, aboyún sì gbọ́dọ̀ sọ ipò rẹ̀ fún ẹni tí yóò ya á.

2. BÍ ÀWÒRÁN NÁÀ TI Ń FI INÚ HÀN

Ìmọ́lẹ̀ òòrùn a máa gba inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá, ṣùgbọ́n pákó a dá a dúró, òjìji a sì wà lẹ́yìn pákó náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìtànṣán X ń ṣe. Ó ń gba inú ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá ní ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n egungun àti eyín ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Ibi tí ìtànṣán bá dé lórí fíìmù a dúdú. Ibi tí kò bá dé a funfun. Nítorí náà eyín a hàn ní funfun, ihò tí ó wà nínú eyín a sì hàn bí àbàwọ́n dúdú.

Oríṣi àwòrán mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni èyí kékeré tí a ń ki fíìmù rẹ̀ bọ ẹnu. Ó ń fi eyín méjì tàbí mẹ́ta hàn títí dé gbòǹgbò. Èkejì ni àwòrán ńlá tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń yí orí ènìyàn ká. Ó ń fi àgbọ̀n òkè àti ti ìsàlẹ̀ hàn láti etí kan dé èkejì. Nínú irú àwòrán yìí, a lè rí eyín àgbà ọmọdé tí ó ń dúró nínú egungun lábẹ́ eyín wàrà. Ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀rọ CT, tí kọ̀ǹpútà ń to àwòrán púpọ̀ pọ̀, tí oníṣègùn sì lè wo egungun náà láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè, bí ìgbà tí a gé iṣu sí ọ̀bẹ̀rẹ̀bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwòrán nìkan kò tó. Kí ó tó lè fi àbùkù egungun hàn, egungun náà gbọ́dọ̀ ti bàjẹ́ dé ìwọ̀n kan. Bí oníṣègùn bá sì rí kókó nínú rẹ̀, yóò ṣì gé díẹ̀ nínú ẹran rẹ̀ kí a lè fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tó dá orúkọ àrùn náà lójú.

3. ORÍṢI WÍWÚ MẸ́TA TÍ KÒ YẸ KÍ A FOJÚ KÉRÉ

Èkíní ni wíwú tí ó ní ìrora àti ibà. Kòkòrò eyín ni ó sábà ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ihò inú eyín a jinlẹ̀, ọyún a sì gbá jọ ní ìdí gbòǹgbò. Bí ọyún náà bá sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ahọ́n àti ọrùn, ó lè dí ọ̀nà èémí, ó sì lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bá le, tí kò lè gbé itọ́ mì, tí mímí sì ń ṣòro fún, kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ kejì. Àní kí a má ṣe dúró de àwòrán, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà.

Èkejì ni wíwú ọmọdé tí ó ń yára. Ní 1957, Denis Burkitt, oníṣègùn ará Ireland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kampala ní ilẹ̀ Uganda, rí ọmọ kan tí àgbọ̀n rẹ̀ wú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, lókè àti nísàlẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ àrùn náà sínú ìwé ní 1958. Ní 1961, òun àti àwọn oníṣègùn méjì mìíràn fi ọkọ̀ rin nǹkan bí 10,000 máìlì ní ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n ń béèrè ní ilé ìwòsàn kan dé òmíràn. Wọ́n rí i pé àrùn náà wà níbi tí ooru àti òjò bá pọ̀, níbi tí ibà ẹ̀fọn ti gbilẹ̀, kò sì sí ní orí òkè tí ó tutù. Ní 1964 a rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú kókó náà, èyí tí a fi orúkọ Epstein àti Barr pè. Ilẹ̀ Nàìjíríà wà lára ibi tí àrùn náà ń jà. Ní Ìbàdàn, níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ní 1960, òun ni a rí jùlọ nínú jẹjẹrẹ àwọn ọmọdé ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn.

Àmì rẹ̀ ni pé eyín ọmọ a máa mì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ a sì máa tóbi lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nígbà púpọ̀ láìsí ìrora ńlá. Yíká gbòǹgbò eyín tí ara rẹ̀ dá, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan a máa hàn nínú àwòrán. Nínú ọmọ tí àrùn yìí mú, ìlà náà a máa parẹ́ ní kùtùkùtù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yọ eyín tí ń mì náà láìya àwòrán lè rò pé òun ti parí iṣẹ́, nígbà tí àrùn ṣì wà nínú egungun. Oògùn ni a fi ń wò ó, kì í ṣe ọ̀bẹ, ọ̀pọ̀ ọmọ tí a sì tètè gbé wá ni ó ń sàn. Ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn jẹjẹrẹ tí ń yára dàgbà jùlọ, àgbọ̀n ọmọ kò sì lè dúró de ìgbà tí a óò ta kòkó.

Ẹ̀kẹta ni wíwú àgbàlagbà tí ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa nínú kókó tí ń ti inú ohun èlò eyín jáde ni a ń pè ní ameloblastoma. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ni ó sábà ń mú, nígbà tí ènìyàn ṣì wà ní agbára rẹ̀. Kì í dunni ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ni ẹlòmíràn ṣe ń gbé e kiri fún ọdún púpọ̀, tí ó ń fi ìborùn bò ó wá sí ilé ìsìn. Nínú àwòrán, ó máa ń rí bí ìfófó ọṣẹ nínú egungun. Ní 1969, J. O. Akinosi àti A. O. Williams tẹ ìwé jáde nípa irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Akinosi yìí kan náà ni ó fi ọ̀nà tuntun hàn ní 1977, bí a ti lè pa àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kú fún iṣẹ́ abẹ nígbà tí aláìsàn kò lè ya ẹnu. Ọ̀nà náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ káàkiri ayé.

Ní Ìsẹ̀, ìlú tí Ọlọ́wẹ̀ tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ gbé, kò yẹ kí a máa sọ fún ẹnikẹ́ni pé agbẹ́gi gbọ́dọ̀ mọ ibi tí kòkòrò jẹ igi dé kí ó tó gé e. Bẹ́ẹ̀ ni ti oníṣègùn. Bí ó bá kàn ha kókó yìí kúrò, ìyókù tí ó wà nínú egungun lè tún hù, àní lẹ́yìn ọdún 10. Àwòrán ni ó ń fi ààlà hàn án. Bí a bá tètè rí i, ìwọ̀nba egungun ni yóò gé. Bí ó bá pẹ́, ó lè di dandan kí ìlàjì àgbọ̀n lọ.

4. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Kí ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wú ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tàbí tí eyín rẹ̀ ń mì láìnídìí, lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní ìlú rẹ̀, kí ó sì béèrè dókítà eyín. Láti ibẹ̀ a lè fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó-Èkìtì, ní Ìdó-Èkìtì tàbí ní Ọ̀wọ̀. Bí ọ̀ràn bá le jù, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn wà. Kí ó béèrè tẹ́lẹ̀ bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ àti iye tí a ń san, kí owó ọkọ̀ má ba à ṣòfò.

Kí a má ṣe gbẹ́ ibi tí ó wú ní abẹ nílé, kí a má sì ṣe fi nǹkan gbígbóná jó o.

Ní ọjọ́ tí a óò ya àwòrán, kí a bọ́ yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn àti eyín àtọwọ́dá, kí a sì dúró láìmira.

Kí a tọ́jú fíìmù náà síbi gbígbẹ, níbi tí èkúté kò dé. Oníṣègùn tí ó bá rí àwòrán èṣí àti ti ọdún yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò mọ̀ bóyá àrùn ń lọ tàbí ó ń bọ̀.

Kí àwọn òbí máa wo ẹnu àwọn ọmọ wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÍ Ń KA Ẹ̀KỌ́ YÌÍ PỌ̀

Kí ni ìdí rẹ̀ tí eyín fi ń funfun nínú àwòrán, tí ihò inú rẹ̀ sì ń dúdú?

Èwo nínú wíwú mẹ́ta náà ni kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì?

Kí ni ewu tí ó wà nínú yíyọ eyín ọmọ tí ń mì láìya àwòrán?

Ta ni ó wà ní àdúgbò yín tí ń fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ta ni yóò sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn?