Ẹrù Tó Yẹ Fún Ìrìn Àjò Orí Kẹ̀kẹ́ Ológeere



Nígbà kan, a gun kẹ̀kẹ́ lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò kí wọ́n tó pín owó ẹ̀yáwó. A di ẹní, ìrọ̀rí àti ìkòkò mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n a gbàgbé pọ́ǹpù àti gọ́ọ̀mù sílé. Táyà jò lọ́nà. Kí a tó tì í débẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú, ìpàdé ti tú ká, owó tí wọn ì bá fi ra irúgbìn kò sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀bi wa ni. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nìyí:

1. Ẹ ṣírò ọ̀nà. Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ tó nǹkan bí kìlómítà 50. Bí a bá ń rin kìlómítà 12 ní wákàtí kan, yóò lé ní wákàtí 4, láìka ìsinmi. Ìdájí ni kí á gbéra.

2. Ohun tí onílé yóò fún àlejò, ẹ fi sílé.

3. Pọ́ǹpù, sùpánà, gọ́ọ̀mù, rọ́bà tí a fi ń lẹ tíúbù àti omi mímu kò gbọdọ̀ gbélé.

4. Ẹ yẹ bíréèkì àti ṣéènì wò kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ.