Kí Lẹ Fi Sè É?

Ọmọ mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Ní ọjọ́ Àìkú tí o wá kí mi ní Mọ́kọ́lá, lẹ́yìn tí o kó láti Àkúrẹ́ wá sí Agbowó nílùú Ìbàdàn, o sọ fún mi pé o kì í jẹ ẹran mọ́, o kì í jẹ ẹja, o kì í jẹ ẹyin, wàrà àti mílíìkì kò sì kàn ọ́. Mo ní kò burú. Mo gbé iyán àti ẹ̀fọ́ rírò síwájú rẹ. O bi mí pé ṣé kò sí ẹran níbẹ̀, mo ní kò sí, mo tún fọwọ́ sọ̀yà. Òkèlè kẹta ni eegun pánlá há ọ léyín. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹja mà nìyẹn, kì í ṣe ẹran." O rẹ́rìn-ín torí pé wọ́n kọ́ ọ nílé, ṣùgbọ́n mo rí bí o ṣe rọra ti abọ́ náà sẹ́yìn.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà náà. Èmi tí mo fi mọ́ínmọ́ín tọ́ ọmọ mẹ́rin, n ò purọ́ fún ọ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló tàn wá jẹ, èmi pẹ̀lú rẹ. Lẹ́nu olóúnjẹ nílẹ̀ yìí, ohun tí à ń pè ní ẹran ni èyí tí ṣíbí lè kàn, tí a ń ka iye rẹ̀, tí a sì ń gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Edé kì í ṣe ẹran, adùn ọbẹ̀ ni. Omi ẹran kì í ṣe ẹran, omi ni. Ní ti pọ̀nmọ́, etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ tí oníbùkà kan ń bá oníbàárà jiyàn pé awọ lásán ni.

Nítorí náà, ìbéèrè rẹ ni kí o yí padà. Má bi wọ́n pé, "Ṣé ẹran wà níbẹ̀?" Wọn yóò ní kò sí, òótọ́ ni wọn yóò sì sọ. Bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ fi sè é?" Kí o wá dákẹ́. Olóúnjẹ fẹ́ràn kí a bi í léèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ata, àlùbọ́sà, epo, irú, iyọ̀. Bó bá kù díẹ̀ kó parí, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀: "Pẹ̀lú edé díẹ̀, kó lè dùn." "Díẹ̀" yẹn ni kí o fetí sí. Lẹ́yìn ìyẹn, béèrè mágí tó ń lò, torí òmíràn wà tó ní edé tàbí adìẹ nínú. Ara bébà rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, kà á.

O ní o ti rin Agbowó já, o kò rí ilé oúnjẹ kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pátákó pé kò sí ohun ẹlẹ́mìí níbẹ̀. Ta ni yóò kọ ọ́? Fi pátákó sílẹ̀. Jáde láago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, kí o rìn yí àdúgbò ká. Tún un rìn láago méje alẹ́. Oúnjẹ tí ò ń wá, àárọ̀ àti alẹ́ ló máa ń jáde. Ọ̀sán ni ti ẹran.

Láàárọ̀, alákàrà ni kí o kọ́kọ́ dá mọ̀. Ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà, iyọ̀, ó tán. Ìbéèrè méjì péré ló kù: ṣé ó ń po ẹyin tàbí edé mọ́ ọn, àti pé kí ló tún ń din nínú òróró yẹn? Alákàrà tí kò din nǹkan mìíràn ni tìrẹ. Èyí tó ń din dùndún, tó tún ń din ẹja sínú agbada kan náà, kí i kí o kọjá lọ. Mu ògì tì í láìsí mílíìkì, tàbí kí o ra ẹ̀kọ tútù. (Àkàrà yìí kan náà ni àwọn obìnrin Bàhíà ní Brazil ń tà tí wọ́n ń pè ní acarajé, epo pupa ni wọ́n fi ń din ín. Ṣùgbọ́n wọ́n a máa ki edé gbígbẹ sínú rẹ̀, nítorí náà bí ẹsẹ̀ rẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìbéèrè kan náà ni.)

Ẹ̀wà àgànyìn náà ń bẹ. Àwọn obìnrin tó ti apá Kútọnu àti Tógò wá ló kọ́ wa ní tiwọn: ẹ̀wà tó jinná débi pé ahọ́n lè tẹ̀ ẹ́, àti ata gbígbẹ tí wọ́n din nínú epo títí tó fi dúdú. Kò nílò edé rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti ń bù ú sí i báyìí. Bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà kò nílò àlàyé lọ́dọ̀ mi.

Bí o bá wá kí mi, a jọ lè ya Sábó. Láti 1916 ni àwọn Hausa ti ń gbé ibẹ̀, oúnjẹ wọn sì gún régé fún irú rẹ. Wọ́n ní dan wake, ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí a pò ní òkèlè kéékèèké, tí a bu òróró àti ata lé. Sọ fún wọn kí wọ́n má gé ẹyin lé e. Wọ́n ní awara, èyí tí àwa ń pè ní wàrà sóyà. Ṣọ́ra níbí yìí o. Wàrà àwọn Fúlàní, mílíìkì màlúù ni. Wàrà sóyà, ẹ̀wà sóyà ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn máa ń rì í sínú ẹyin kí wọ́n tó din ín. Dúró tì wọ́n, kí wọ́n din tìrẹ lójú rẹ.

Ọ̀rọ̀ àmàlà ló gùn díẹ̀, torí Ìbàdàn lo wà, wọn yóò sì máa fi lọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Wò ó: èlùbọ́, iṣu ni. Gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà tí a bó ni. Ewédú, ewé ni, a fi ìjábẹ̀ já a. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti inú ilẹ̀ wá. Ibi tí wàhálà wà ni pé ọbẹ̀ ata tí wọ́n ń bù lé e, omi ẹran ni wọ́n fi sè é, àwọn mìíràn a sì da ẹja tàbí edé sínú gbẹ̀gìrì. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ alámàlà láago kan ọ̀sán, tí èrò to, tí o ń béèrè ohun tó fi sè é, yóò ṣẹ́jú mọ́ ọ, kò sì jẹ̀bi. Lọ bá a láago mẹ́wàá, nígbà tó bá ń já ewédú lọ́wọ́. Jókòó. Bá a já díẹ̀. Ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìbáà ṣe omi, kí o tó bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan. Nígbà tó bá ti mọ̀ ọ́ lójú, tó ń pè ọ́ ní "ọmọ mi tí kì í jẹ ẹran", yóò bu gbẹ̀gìrì tìrẹ sọ́tọ̀ kó tó da edé sí èyí tó kù. Mo mọ̀, torí èmi náà máa ń pọ́n mọ́ínmọ́ín márùn-ún sọ́tọ̀ láràárọ̀ Ẹtì fún tíṣà kan tí ẹyin àti ẹja kò bá lára mu. Kò san kọ́bọ̀ lé e. Ó kàn máa ń kí mi dáadáa ni.

Òyìnbó ti fún irú ìjẹun rẹ lórúkọ. Ní 1944 ni Donald Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, tí wọ́n sì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà, vegan. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ṣe ń jẹun. Irọ́ ni. Ẹran ìgbẹ́ wù wọ́n jẹ. Àìrí ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ ìnáwó ni wọ́n ń pa adìẹ nílé wa, àwa ọmọdé a sì máa du ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọjọ́ yòókù, irú ló ń ṣiṣẹ́ ẹran nínú ìkòkò. Ibẹ̀ ni ọwọ́ àwọn ìyá wa ti dán: àìní díẹ̀, ọgbọ́n púpọ̀.

Irú yẹn ni kí o mọ̀ ọ́n rà, torí òun ni yóò rọ́pò edé fún ọ. Kóró èso igi igbá ni. Wọ́n á sè é mọ́jú kí èèpo rẹ̀ tó gbà fún wọn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ní ọjà Bódìjà, irú wooro ni kí o rà fún ẹ̀fọ́, irú pẹ̀tẹ̀ fún ewédú. Fi omi ṣàn án kí o tó lò ó. Iyanrìn máa ń wà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń ba òkèlè jẹ́ tó o. Bí o bá ṣe ẹ̀fọ́ ṣọkọ pẹ̀lú irú wooro, ẹ̀gúsí àti olú tí o ya sí wẹ́wẹ́, ẹni tó bá ọ jẹun lè má tilẹ̀ rántí béèrè ẹran.

Èkuru ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sè fúnra rẹ. Bu ẹ̀wà agolo mílíìkì mẹ́ta sínú omi, má jẹ́ kó pẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Fi ọwọ́ méjèèjì ra á títí èèpo yóò fi léfòó, dà á nù, bu omi mìíràn, tún un ra. Nígbà tó bá funfun tán, rẹ ẹ́ fún bí wákàtí méjì kó lè rọ̀. Má gbé e lọ fún alọta: ẹ̀rọ rẹ̀ ti lọ ẹja àti edé mọ́ ata láàárọ̀ yẹn, omi tó sì máa bù sí i yóò pọ̀ jù. Ilé ni kí o ti lọ̀ ọ́, omi díẹ̀, kó kúnná. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí o máa pò ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Apá yóò ro ọ́. Àwọ̀ rẹ̀ yóò máa funfun sí i, yóò máa wú, yóò fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Kán ín sínú ife omi: bó bá rì, tún un pò, bó bá léfòó, ó tó. Iyọ̀ nìkan ló gbà. Bí o bá bu ata àti epo sí i, mọ́ínmọ́ín lo ń sè nìyẹn. Pọ́n ọn sínú ewé, má fi ọ̀rá pọ́n ọn nítorí Ọlọ́run, kí o sì to ìtì ewé sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí omi má bàa wọ inú rẹ̀. Ní nǹkan bíi wákàtí kan, ó ti jinná.

Ata rẹ̀ ńkọ́? Tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà, lọ̀ ọ́ ṣàkàṣàkà, sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, kí o wá din ín nínú epo pupa pẹ̀lú irú títí epo yóò fi yọ sókè. Fọ́ èkuru sínú rẹ̀ nígbà tó bá ṣì gbóná. Ẹ̀kọ tútù ni ẹnìkejì rẹ̀.

Ìnáwó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, mo sì mọ̀ pé àyà rẹ ń já nítorí àwọn ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí o bá sọ fún wọn pé o jẹ́ vegan, wọn yóò rò pé ìjọ tuntun ni. Sọ pé èèwọ̀ rẹ ni. Kò sí Yorùbá kan tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu, a kì í sì fi ipá rọ ọ́ sí i lẹ́nu. O lè sọ pé irọ́ ni, pé kò sí òrìṣà tó pàṣẹ fún ọ. Èèwọ̀ tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kà fún ara rẹ̀ náà, èèwọ̀ ni. Kàn rí i pé o jẹun kí o tó kúrò nílé.

Ohun kan wà tí n kò ní fi ṣeré pẹ̀lú rẹ. Fítámì B12 kò sí nínú ewé, ẹ̀wà àti ẹ̀pà bó ṣe yẹ. Àìtó rẹ̀ lè gba ọdún kí ó tó hàn, nígbà tó bá sì hàn, ẹ̀jẹ̀ á dín, àárẹ̀ á mú ènìyàn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa kú. Bí o bá rántí ra owó íntánẹ́ẹ̀tì, rántí ra oògùn rẹ̀. Bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa iye tí wàá máa lò. Ẹ̀wà pẹ̀lú ẹ̀kọ, ẹ̀wà pẹ̀lú ìrẹsì, ìyẹn ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ọsàn tí o bá jẹ tẹ̀ lé ẹ̀fọ́ á jẹ́ kí ara rí irin inú ewé náà gbà. B12 nìkan ni oúnjẹ ìyá rẹ kò lè bá ọ wá.

Wá ní Sátidé. Ra irú wooro bọ̀ láti Bódìjà, ẹ̀wà ti wà nílé. Mo ra ìkòkò kékeré kan sílẹ̀ fún ọ, mo so òwú pupa mọ́ etí rẹ̀ kí ọmọ ọ̀dọ̀ má ṣì í mú. Edé ò tíì wọ inú rẹ̀ rí.