Orí Kẹfà: Ìdílé Ọ̀rọ̀ Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Àgbàlagbà tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti dé ìwọ̀n tí ó fi lè rajà, tí ó lè ka àkọlé ìwé ìròyìn, tí ó sì lè kọ lẹ́tà ṣókí sí ọ̀gá rẹ̀, kì í sábà ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ojú ń rí. Ibi tí ó ti máa ń fẹsẹ̀ kọ ni ìwé àdéhùn, ìwé òfin, ìwé ìlera àti ìwé ẹ̀kọ́ gíga. Ní ọdún 1953, Michael West, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀kọ́ ní Íńdíà, gbé àkójọ nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀ jáde, èyí tí ó wúlò jù fún ẹni tí ó ń kọ́ èdè náà. Ibi tí West parí sí ni Averil Coxhead, onímọ̀ èdè ní ilẹ̀ New Zealand, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000: ó yẹ ìwé ẹ̀kọ́ gíga wò, èyí tí àpapọ̀ ọ̀rọ̀ inú wọn tó mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀, ó yọ ọ̀rọ̀ ti West kúrò, ó sì rí i pé 570 ìdílé ọ̀rọ̀ péré ni ó kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ohun tí a kọ sínú wọn. Iye yìí kò kọjá agbára ẹni tí ó bá fi sùúrù tẹra mọ́ ẹ̀kọ́, ó sì yẹ kí ó fún un ní ìgboyà.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìdílé ọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ kan pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá láti ara rẹ̀. Bí "analyse" bá jẹ́ kí a tú nǹkan wò lẹ́yọlẹ́yọ, "analysis" ni iṣẹ́ ìtúwò náà, "analyst" ni ẹni tí ń ṣe é, "analytical" sì ni ọ̀rọ̀ tí ń ṣàpèjúwe ìrònú tàbí ìwé tí ó bá gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ègé tí kò lè dá dúró, ṣùgbọ́n tí ó ń so mọ́ ìpìlẹ̀ láti yí iṣẹ́ tàbí ìtumọ̀ rẹ̀ padà, ni àfòmọ́. Iwájú ọ̀rọ̀ ni Yorùbá ń fi irú àfòmọ́ bẹ́ẹ̀ sí, bí ó ti hàn nínú "àìsùn" àti "apẹja", kò sì ní àfòmọ́ ìparí. Gẹ̀ẹ́sì ní ti iwájú, ó sì ní ti ìparí lọ́pọ̀ yanturu. Ẹni tí Yorùbá jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ ní láti dìídì kọ́ ojú rẹ̀ láti máa wo ìparí ọ̀rọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń sọ bóyá orúkọ, ìṣe tàbí àpèjúwe ni ọ̀rọ̀ náà.

Àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere wà lẹ́nu ibodè àti ní èbúté. Nínú èdè Látìn, tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń sọ, gbígbé nǹkan ni "portare". Nígbà tí "ex-" ń tọ́ka sí òde, "im-" sí inú, "trans-" sí òdìkejì àti "de-" sí kíkúrò, "export" di kíkó ọjà lọ sí òkè òkun, "import" di kíkó o wọlé, "transport" di gbígbé èrò tàbí ẹrù láti ibì kan dé ibòmíràn, "deport" sì di kí ìjọba lé àlejò kúrò nílùú. "-Able" tí ó wà ní ìparí "portable" ń sọ pé nǹkan náà ṣeé gbé kiri. Síbẹ̀, ìṣọ́ra ṣe pàtàkì, nítorí pé "portion" kò bá wọn tan rárá, "port" inú "airport" sì ti ara ọ̀rọ̀ Látìn mìíràn wá, èyí tí ó túmọ̀ sí èbúté. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ a máa jẹ́ kí òǹkàwé fura sí ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ìwé atúmọ̀ èdè ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ àjèjì ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì ní ìtàn. Ní ọdún 1066, William, olórí ilẹ̀ Normandy, ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé sì di èdè ààfin àti ti ilé ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ìran. Látìn ni ti ìjọ àti ti àwọn ọ̀mọ̀wé. Láti ìgbà náà ni ohun kan ṣoṣo ti lè ní orúkọ mẹ́ta. Ọmọ a máa "ask" ìyá rẹ̀, agbẹjọ́rò a máa "question" ẹlẹ́rìí, ọlọ́pàá a sì máa "interrogate" afurasí: àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èkejì gba ọwọ́ Faransé wọlé, ẹ̀kẹta sì jẹ́ Látìn. Ẹni tí ó bá kọ̀wé pé òun "interrogate" ìyá òun ti sọ ohun tí kò ní lọ́kàn. Kíkó ọ̀rọ̀ ńláńlá tí àwọn ènìyàn ń pè ní gírámà jọ kò mú Gẹ̀ẹ́sì ẹnikẹ́ni jinlẹ̀. Mímọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yẹ ni ìmọ̀.

Ìmọ̀ yìí kan náà ni ó kan ọ̀rọ̀ tí ń bá ọ̀rọ̀ rìn. Òjò tí Yorùbá ń pè ní ńlá, "heavy" ni Gẹ̀ẹ́sì ń fún un. Àṣìṣe tí Yorùbá ń ṣe, "make" ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un, kì í ṣe "do". Ọ̀ràn ni a sì ń "commit", kì í ṣe oore. A. S. Hornby, tí ó kọ́ àwọn ará Japan ní Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé ìtumọ̀ nìkan kò tó akẹ́kọ̀ọ́, ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣe ìwé atúmọ̀ èdè tí ó jáde ní Tokyo ní ọdún 1942, èyí tí ń fi hàn bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn. Ìwé yẹn ni ó dàgbà di Oxford Advanced Learner's Dictionary. Nítorí náà, odindi gbólóhùn ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sínú ìwé rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pẹ̀lú ìtumọ̀.

Ìgbàgbé ni ó kù. Hermann Ebbinghaus, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò, fi hàn ní ọdún 1885 pé ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tètè ń sá lọ, àti pé àtúnyẹ̀wò tí a fi àyè sí láàárín wúlò ju èyí tí a ṣe pọ̀ lọ́jọ́ kan lọ. Sebastian Leitner, akọ̀ròyìn ní ilẹ̀ Austria àti Jámánì, gbé ọ̀nà kan jáde ní ọdún 1972 tí páálí lásán tó fún: ọ̀rọ̀ wà ní iwájú káàdì, gbólóhùn àti ìtumọ̀ wà lẹ́yìn, páálí náà sì pín sí ìpele. Káàdì tí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ̀ yóò bọ́ sí ìpele tí ó tẹ̀ lé e, níbi tí yóò ti pẹ́ díẹ̀ sí i kí ó tó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí kò bá mọ̀ yóò padà sí ìpele àkọ́kọ́, láàárín àwọn tí yóò máa yẹ̀ wò lójoojúmọ́.