Àdùkẹ́, O Já Mi Sílẹ̀ Lójú Ọ̀nà

Àdùkẹ́, wá jókòó tì mí. Fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti ka àròkọ rẹ lẹ́ẹ̀mejì, inú mi sì ń dùn bọ̀ títí mo fi dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Ibẹ̀ lo ti já mi sílẹ̀ bí ọlọ́kadà tí epo tán mọ́ lọ́wọ́. "Ní ìparí, mo ti sọ̀rọ̀ lórí omíyalé Ògùnpa, ohun tó fà á àti ìpalára tó ṣe. Mo rọ ìjọba kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i." Háà! Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán lo tún ń sọ fún pé o ti sọ ọ́? Ṣé mo ti ń ṣarán ni?

Bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. O mú mi padà sí Ìbàdàn, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí odò Ògùnpa kún kọjá bèbè, tó gbé ilé, tó gbé ọkọ̀, tó pa èèyàn tó lé ní 200. O ní a da ìdọ̀tí sínú odò náà títí kò fi rọ́nà gbà mọ́, a sì tún lọ kọ́lé sójú ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn náà lo wá gbé ìyá àgbà kan dé, tó ń fi ìka han ọ́ ibi tí omi dé lára ògiri, tó ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kùn ún ní ọ̀dà. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, ọmọ yìí ti débẹ̀. Àfi bí mo ṣe rí òwe odò tó gbàgbé orísun, tí o lẹ̀ mọ́ ìdí àròkọ bíi sítáǹpù. Lóòótọ́, òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin tí kò bá wa rìn láti àárọ̀, kí ló ń wá nígbà tí a délé?

Ṣé o rántí eré Wọlé Ṣóyínká yẹn, Death and the King's Horseman, ti ọdún 1975? Ẹlẹ́ṣin tó yẹ kó bá ọba kú kò kú lásìkò, Olúndé ọmọ rẹ̀ kú dípò, òun náà wá fi ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ pa ara rẹ̀. Òkú méjì nílẹ̀! Òǹkọ̀wé mìíràn ì bá jókòó máa pín ẹ̀bi. Ìyálọ́jà ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó tuntun Ẹlẹ́ṣin ló sì kọjú sí, ó ní kó gbé ọkàn lọ sọ́dọ̀ ọmọ tí a kò tíì bí. Ìyàwó yẹn kì í ṣe àlejò o, ó ti wà nínú eré tipẹ́. Ohun tó wà nílé ni Ṣóyínká gbé jáde síta gbangba.

Ìwọ náà, ògiri ń bẹ nílé rẹ. Má sọ fún mi pé ó "ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́". Bi ara rẹ léèrè: ta ni ìyá àgbà ń tọ́jú àmì yẹn dè? O kọ ọ́ pé omi tún ya Ìbàdàn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tí afárá wó, ṣùgbọ́n àárín lo jù ú sí bí ẹni ń ka ìṣirò. Gbé e ti ògiri náà. Ọdún 31 ló wà láàárín méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ẹni tí omi bá ní 2011, wọn ò tíì bí wọn ní 1980; ta ló fi ògiri kankan hàn wọ́n? Bí wọ́n bá wá wó ilé ìyá àgbà lọ́la ńkọ́? Kọ ìyẹn, kí o dákẹ́.

Má sì sọ pé "Àǹtí, kò sí àyè mọ́". O ṣáà rí àyè fi odindi ìpínrọ̀ kan sọ ti alákàrà ẹ̀gbẹ́ odò. (Ó dùn, má yọ ọ́.) Ó yá, jẹun, àmàlà rẹ ti ń tutù. Bí o bá jẹun tán, kí o tún ìparí yẹn kọ. Bí mo bá sì tún rí "mo ti sọ̀rọ̀ lórí" níbẹ̀, ẹran inú abọ́ rẹ lálẹ́ yìí di tèmi.